Bí A Ṣe Lè Ṣe Ìrántí Tó Péye fún Ọlọ́pàá Tó Fẹ̀yìn Tì, Tó sì Ti Ṣe Ológun Rí

Ẹni tó lo apá kan ìgbésí ayé rẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun, tó sì lo apá tó kù nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá títí tó fi fẹ̀yìn tì, ìtàn méjì ló fi sílẹ̀ nígbà tó kú, ìtàn méjèèjì kì í sì í sábà wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn tí wọ́n jọ gbé báráàkì mọ ohun tí àwọn tí wọ́n jọ wà ní tẹ́ṣàn kò mọ̀, ìyàwó tàbí ọkọ mọ ohun tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ kò gbọ́ rí, ọ̀pọ̀ nǹkan sì wà tí olóògbé náà gbé lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí ìkéde òkú irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ fi máa ń jọra: wọ́n á ní akíkanjú ni, wọ́n á ní ó fi tọkàntọkàn sin orílẹ̀-èdè rẹ̀, wọ́n á to ipò lé ipò àti ọdún lé ọdún, wọ́n á sì dákẹ́ síbẹ̀. Lójú tèmi, irú ẹni bẹ́ẹ̀ tọ́ sí ju ìyẹn lọ. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ọmọ, ẹbí, ọ̀rẹ́ tàbí ẹlẹgbẹ́ tó fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé olóògbé, tó fẹ́ sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú, tàbí tó fẹ́ to ohun ìrántí jọ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn, tó sì fẹ́ kí gbogbo ohun tí òun bá sọ jẹ́ ohun tí ẹ̀rí wà fún.

Ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ wá

Kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan sílẹ̀, ẹ tú àpótí àti báàgì tí olóògbé ń kó ìwé sí. Èyí tó ṣe kókó jù lọ ni ìwé tí iṣẹ́ ológun fún un lọ́jọ́ tó kúrò. Ní Amẹ́ríkà, DD Form 214 ni wọ́n ń pe ìwé yìí, ó sì ti wà láti ọdún 1950. Ọjọ́ tó wọṣẹ́ àti ọjọ́ tó kúrò wà nínú rẹ̀, àti ipò tó dé, iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ, àwọn àmì ẹ̀yẹ tó gbà, àti bóyá ó kúrò pẹ̀lú ọlá tàbí lọ́nà mìíràn. Òun náà ni àwọn tó ń ṣètò ẹ̀yẹ ìsìnkú ológun máa ń béèrè, nítorí náà kò yẹ kó jẹ́ pé àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú ni ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a kiri.

Bí kò bá sí nílé, ọkọ, aya tàbí ọmọ olóògbé lè kọ̀wé béèrè ẹ̀dà rẹ̀ ní National Personnel Records Center tó wà ní ìlú St. Louis, fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní Standard Form 180 ni wọn yóò sì fi béèrè. Ẹ múra sílẹ̀ fún èsì kan tó ti já ọ̀pọ̀ ìdílé kulẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1973, iná ńlá kan sọ nínú ilé tí wọ́n ń kó àwọn ìwé wọ̀nyí sí, ó sì jó nǹkan bíi mílíọ̀nù 16 sí 18 fáìlì di eérú. Nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún fáìlì àwọn sójà orí ilẹ̀ tí wọ́n kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láàárín ọdún 1912 sí 1960 ló bá iná náà lọ, pẹ̀lú ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún fáìlì àwọn ọmọ ogun òfurufú tí wọ́n kúrò láàárín ọdún 1947 sí 1964, tí orúkọ ìdílé wọn sì tẹ̀ lé Hubbard nínú ètò álífábẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ti olóògbé yín wà lára wọn, ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ló mú ìwé ìdásílẹ̀ wọn lọ sí ilé ẹjọ́ tàbí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ fún ìfipamọ́ nígbà tí wọ́n padà délé. Ìwé owó oṣù, ìwé ilé ìwòsàn àti lẹ́tà tó wá láti ojú ogun náà sì máa ń gbé ọjọ́ àti nọ́ńbà tó lè tọ́ni sọ́nà.

Irú àdánù bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Bìrìtéènì pẹ̀lú, níbi tí bọ́ǹbù tó bọ́ sí Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1940 ti jó èyí tó pọ̀ jù lára fáìlì àwọn sójà tó ja Ogun Àgbáyé Kìíní. Láti ọdún 2022 ni wọ́n sì ti ń kó fáìlì àwọn ọmọ ogun tó sìn lẹ́yìn ìgbà náà kúrò lọ́wọ́ Ministry of Defence lọ sí National Archives ní Kew, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí èyí tí ẹ ń wá wà báyìí kí ẹ tó sanwó níbikíbi. Fún ẹni tó sìn ní Nàìjíríà, ìwé owó ìfẹ̀yìntì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: Military Pensions Board ló ń bójú tó ti àwọn ọmọ ogun, PTAD, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń san owó ìfẹ̀yìntì, sì ni ti àwọn ọlọ́pàá tó fẹ̀yìn tì lábẹ́ ètò àtijọ́.

Ìwé iṣẹ́ ọlọ́pàá kì í wà níbi kan náà pẹ̀lú ti ológun. Ní Amẹ́ríkà, kò sí ilé kan tí wọ́n kó fáìlì gbogbo ọlọ́pàá jọ sí, nítorí pé ìlú kọ̀ọ̀kan, ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ọlọ́pàá tirẹ̀, tó sì ń tọ́jú ìwé tirẹ̀. Ní England àti Wales, ẹgbẹ́ ọlọ́pàá 43 ló pín ilẹ̀ náà láàárín ara wọn, ẹ ó sì kọ̀wé sí èyí tó gba olóògbé síṣẹ́ gan-an. Ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ kan ṣoṣo ló wà láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 1930 tí wọ́n ti so ti Àríwá àti ti Gúúsù pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gbé òṣìṣẹ́ láti ibì kan dé ibòmíràn léraléra, nítorí náà ẹ kọ orúkọ gbogbo tẹ́ṣàn àti gbogbo ìpínlẹ̀ tó ti ṣiṣẹ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Ìwé ìgbéga, ìwé ìyìn tí ọ̀gá kọ, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá, àti lẹ́tà ìgbékúrò láti tẹ́ṣàn kan sí òmíràn ni yóò fún yín ní egungun ìtàn náà.

Nígbà tí ẹ bá ti ní ọjọ́ lọ́wọ́, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ tí gbogbo ayé mọ̀. Bí wọ́n bá ní olóògbé ja ogun Burma pẹ̀lú àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n wà ní Dífísọ́nù 81 àti 82, ó gbọ́dọ̀ ti wọṣẹ́ ológun kí ogun náà tó parí ní ọdún 1945. Bí ó bá jẹ́ ogun abẹ́lé Nàìjíríà ni, láàárín ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1967 sí ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1970 ni. Bí ó bá sì ní òun lọ sí Kóńgò lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láyé ìgbà Òmìnira, láàárín ọdún 1960 sí 1964 ni. Ẹ rántí pé àwọn ọlọ́pàá Nàìjíríà náà lọ síbẹ̀, nítorí náà ẹ má sáré gbà pé inú aṣọ sójà ló wà nígbà náà. Ibi tí ọjọ́ kò bá ti bára mu, ẹ tún béèrè. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, ọjọ́ ọ̀hún kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ọjọ́ tí ẹ dúró síwájú pósí.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ jù níbi tí wọ́n ti ń kọ ipò. Èkíní ni kí wọ́n sọ pé ẹni tó lo ọdún mélòó kan nínú iṣẹ́ ológun kó tó bọ́ sí iṣẹ́ ọlọ́pàá fẹ̀yìn tì nínú méjèèjì. Kò rí bẹ́ẹ̀: iṣẹ́ ọlọ́pàá ló fẹ̀yìn tì nínú rẹ̀, iṣẹ́ ológun ló sì ti ṣe rí, àwọn tó lo gbogbo ọdún tó yẹ nínú iṣẹ́ ológun mọ ìyàtọ̀ náà dáadáa. Èkejì ni kí wọ́n gbé ipò kan lé òmíràn. Sájẹ́ńtì sójà kọ́ ni sájẹ́ńtì ọlọ́pàá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìlànà kan náà ni wọ́n fi ń gbé àwọn méjèèjì ga; ẹ kọ ipò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ iṣẹ́ tó ti gbà á. Ẹni tó bá sì sìn nínú ọkọ̀ ojú omi tàbí nínú ẹgbẹ́ òfurufú, ẹ má ṣe pè é ní sójà lásán.

Ẹ wo nǹkan tó wà lọ́wọ́ yín fínnífínní

Nǹkan tó dà bí ẹ̀ṣọ́ lásán máa ń sọ̀rọ̀ bí a bá fara balẹ̀ wò ó. Ẹ mú mẹ́dàlì olóògbé, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì gbé e sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ lè rí etí rẹ̀. Lára mẹ́dàlì tí Bìrìtéènì fún àwọn tó ja Ogun Àgbáyé Kìíní, nọ́ńbà, ipò, orúkọ àti ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹni náà ni wọ́n tẹ̀ sí etí irin náà ní lẹ́tà kéékèèké. Èyí tí wọ́n fún àwọn ọmọ ogun Bìrìtéènì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì kò sábà ní orúkọ kankan lára, nítorí náà mẹ́dàlì tí ẹ bá rí nínú àpótí kì í ṣe ẹ̀rí fúnra rẹ̀ pé òun ló gbà á; ìwé gbọ́dọ̀ tì í lẹ́yìn. Ẹ má fi ohun tó ń mú irin dán nù ún, torí pé lẹ́tà orí rẹ̀ máa ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Fọ́tò náà ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, nítorí pé ibẹ̀ ni òǹtẹ̀ ayàwòrán, ọjọ́ àti orúkọ ìlú máa ń wà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo apá aṣọ láti ka okùn rẹ̀, ẹ wo àmì orí fìlà àti ti èjìká láti mọ ẹgbẹ́ tó wà. Àyà òsì ni ọmọ ogun máa ń fi rìbọ́ọ̀nù àmì ẹ̀yẹ sí. Bí fọ́tò tí ẹ fẹ́ tẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìnkú bá gbé e sí àyà ọ̀tún rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ló yí àwòrán náà padà, àwọn tó jọ sìn yóò sì rí i kí wọ́n tó ka ọ̀rọ̀ kankan. Ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá tún máa ń ní ìwé kékeré tí wọ́n ń kọ nǹkan sí lẹ́nu iṣẹ́: ọjọ́, aago, ojú ọ̀nà, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ kà á tán kí ẹ tó pinnu ohunkóhun nípa rẹ̀, nítorí pé ọ̀nà tó gbà ń kọ̀wé ní aago méjì òru lè fi irú ẹni tó jẹ́ hàn ju ìwé ìyìn lọ.

Ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ dúró nílé. Bí ẹ bá rí ọta ìbọn, àdó olóró tàbí ohun ìjà àtijọ́ kankan tó mú bọ̀ láti ojú ogun, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má gbé e sínú ọkọ̀, ẹ pe àwọn ọlọ́pàá kí wọ́n wá gbé e fúnra wọn. Káàdì ìdánimọ̀ ọlọ́pàá àti ohun èlò tó jẹ́ ti ìjọba náà yẹ kó padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín, àyàfi bí wọ́n bá fọwọ́ sí i pé kí ìdílé fi pa mọ́.

Àwọn èèyàn tó yẹ kí ẹ gbọ́ tẹnu wọn

Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń kánjú. Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ọ̀pọ̀ àwọn tó wọ aṣọ iṣẹ́ méjèèjì yìí ló sì dákẹ́. Ẹ ṣètò orúkọ àwọn tó kù láyé, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó dàgbà jù tàbí tí ara rẹ̀ kò le, kì í ṣe lọ́dọ̀ ẹni tó sún mọ́ ilé yín jù. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ẹni kan tàbí méjì ló lọ, nítorí pé ògbólógbòó sójà kì í sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ síwájú èrò.

Ẹ má ṣe béèrè iye ẹni tó pa. Mo sọ èyí pẹ̀lú gbogbo agbára mi, nítorí pé ìbéèrè yẹn ti sé ẹnu ọ̀pọ̀ àgbà tí ì bá sọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Ẹ béèrè ohun tó ṣeé dáhùn: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọjọ́ wo lẹ kọ́kọ́ pàdé wọn?” “Orúkọ wo lẹ máa ń pè wọ́n láàárín ara yín, kí ló sì fà á?” “Kí ni wọ́n máa ń ṣe lálẹ́ bí iṣẹ́ bá parí?” “Ta ni wọ́n máa ń kọ lẹ́tà sí?” “Ṣé ìgbà kan wà tí wọ́n kọ̀ láti ṣe ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe?” Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí máa ń ṣí ilẹ̀kùn tí ẹ kò retí. Fún àwọn tí wọ́n jọ ṣe ọlọ́pàá, ẹ béèrè àdúgbò tó máa ń ṣọ́, irú ẹjọ́ tó máa ń gbà tọkàntọkàn, ẹni tó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, àti ọ̀nà tó gbà ń bá ẹni tí wọ́n mú sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé tẹ́ṣàn, lọ́wọ́ awakọ̀ àti ẹni tó ń gbálẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ọ̀gá mọ̀ nípa òṣìṣẹ́ kì í tó ohun tí àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ mọ̀.

Nígbà tí ẹni méjì bá sọ ọ̀rọ̀ kan náà lọ́nà méjì, ẹ kọ méjèèjì pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́, ẹ má ṣe dá ẹjọ́ láàárín wọn. Bí ẹni tí ẹ fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀ bá sì ṣì wà láyé nígbà tí ẹ ń ka èyí, tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún ọjọ́ iwájú, ẹ má dúró. Ní Amẹ́ríkà, Veterans History Project tí Library of Congress ti ń ṣe láti ọdún 2000 máa ń gba ohùn àwọn ológun tẹ́lẹ̀ rí tó bá gùn tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, ẹbí fúnra wọn sì lè jẹ́ ẹni tó ń bi wọ́n léèrè. Ìwọ̀n yẹn dára fún ẹnikẹ́ni níbi gbogbo: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí kò sí tẹlifíṣọ̀n, tí kò sí ìpè fóònù, tí àgbà náà sì mọ̀ pé a ń gbọ́ òun.

Bí ẹ ó ṣe kọ ọ́

Ẹ kọ ohun tó ṣe, ẹ fi ìyìn sílẹ̀ fún ẹni tó ń kà á. Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí. Àkọ́kọ́: “Ọlọ́pàá tó nífẹ̀ẹ́ àwọn èèyàn ni, ó sì fi òótọ́ inú ṣiṣẹ́.” Èkejì: “Ní gbogbo ìgbà tó fi wà ní ẹ̀ka tó ń rí sí ìjàǹbá ọkọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń lọ kan ilẹ̀kùn àwọn tí èèyàn wọn kú sójú ọ̀nà, kì í rán ọmọ iṣẹ́, a sì máa jókòó tì wọ́n títí aládùúgbò tàbí ẹbí yóò fi dé.” Gbólóhùn àkọ́kọ́ bá ẹgbẹ̀rún ọlọ́pàá mu. Èkejì bá ẹnì kan mu, kò sì sí ọ̀rọ̀ ìyìn kankan nínú rẹ̀.

Ibi tí ìtàn irú ẹni yìí ti jinlẹ̀ jù, tí àwọn èèyàn sì máa ń fo, ni àárín iṣẹ́ méjèèjì. Kí ló mú un kúrò níbi kan bọ́ sí ìkejì? Sójà kọ́ bí a ṣe ń dojú kọ ọ̀tá tí kò mọ̀ rí. Ọlọ́pàá máa ń padà lọ́la sí àdúgbò kan náà, láàárín àwọn èèyàn kan náà tó bá jà lánàá, ó sì lè pàdé ẹni tó mú lọ́sẹ̀ tó kọjá lójú ọ̀nà. Ìyípadà yẹn kì í rọrùn. Ẹ béèrè ohun tó gbé wọ iṣẹ́ kejì láti inú iṣẹ́ kìíní, bóyá ìwà àìpẹ́lẹ́yìn ni, bóyá bàtà tó máa ń dán ní gbogbo òwúrọ̀ ni, kí ẹ sì béèrè ohun tó ní láti gbàgbé kó tó di ọlọ́pàá gidi: ohùn líle, ìfura, ìyára fa ohun ìjà. Bí ẹ bá rí ìdáhùn sí ìyẹn, ẹ ti rí àárín gbùngbùn ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kọ.

Ohun tó ń dunni náà ní ààyè tirẹ̀. Ọdún 1980 ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tó fi orúkọ PTSD, ìyẹn ìdààmú ọkàn tó máa ń tẹ̀ lé ìrírí tó bani lẹ́rù, sínú ìwé tí wọ́n fi ń dá àìsàn ọpọlọ mọ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé àwọn tó darí dé láti Burma, láti Vietnam àti láti ogun abẹ́lé Nàìjíríà lo ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú àìrí oorun sùn, ìbínú òjijì tàbí ọtí, láìsí orúkọ tí wọ́n lè fi pe ohun tó ń ṣe wọ́n. Bí ilé bá gbà pé kí a mẹ́nu kàn án, ẹ sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ àti ní gbólóhùn kúkúrú, ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó bá a gbé ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé iṣẹ́ tó ṣe pa àwọn kan lára, ọjọ́ ìsìnkú kọ́ ni ẹ ó gbé ẹjọ́ náà kalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má sọ òdìkejì rẹ̀ pẹ̀lú. Ìdákẹ́ sàn ju irọ́ lọ níbẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò gbọdọ̀ dé ìta. Ẹ má dárúkọ ẹni tó wá fẹjọ́ sùn, ẹni tí wọ́n fura sí, ọmọdé tí ọ̀rọ̀ kàn, tàbí ẹni tó ń ta ọlọ́pàá lólobó, bó ti wù kí ìtàn náà dùn tó. Àwọn náà ní ìdílé. Ẹ má sì gbé ìwé ìdásílẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì bó ṣe wà. Láti ọdún 1969 ni sójà orí ilẹ̀ àti ẹgbẹ́ òfurufú Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà Social Security ṣe nọ́ńbà iṣẹ́, àwọn olè sì máa ń fi nọ́ńbà òkú yáwó. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìwé náà han ayé, ẹ bo nọ́ńbà, ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì rẹ̀ kí ẹ tó ya fọ́tò rẹ̀.

Ọjọ́ ìsìnkú àti àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e

Iṣẹ́ méjì túmọ̀ sí ẹ̀yẹ méjì, ẹ sì gbọ́dọ̀ mú àwọn tó ń bọ̀ láti ìhà méjèèjì jókòó pọ̀ ṣáájú. Ní Amẹ́ríkà, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2000 fún ẹni tó sìn tó sì kúrò pẹ̀lú ọlá ní ẹ̀tọ́ sí àwọn ọmọ ogun méjì ó kéré tán tó wọ aṣọ iṣẹ́, tí ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ wá láti ẹ̀ka tí olóògbé ti sìn. Wọn yóò ká àsíá, wọn yóò fà á lé ìdílé lọ́wọ́, wọn yóò sì fun Taps, orin fèrè tí ohùn rẹ̀ jẹ́ 24. Ẹni tó ń bójú tó ètò ìsìnkú ló sábà máa ń bá yín béèrè fún un. Ẹ̀yẹ ti ọlọ́pàá kò ní òfin kan tó kárí. Ọ́fíìsì ọlọ́pàá tí olóògbé ti fẹ̀yìn tì ló máa pinnu ohun tí wọ́n lè ṣe, ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó kú lẹ́nu iṣẹ́ sì máa ń ju ti ẹni tó kú lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì lọ. Ní àwọn ibi kan, wọ́n máa ń pe nọ́ńbà rẹ̀ lórí rédíò ní ìgbà ìkẹyìn, wọ́n á dúró fún ìdáhùn tí kò ní wá, wọ́n á sì kéde pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ní Bìrìtéènì, Last Post ni fèrè máa ń fun, ẹ sì lè béèrè ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ Royal British Legion fún ti ológun àti lọ́wọ́ NARPO, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì. Ní Nàìjíríà, Nigerian Legion ni ẹgbẹ́ àwọn ológun tẹ́lẹ̀ rí. Níbikíbi tí ẹ bá wà, ẹ kọ ètò náà sórí ìwé: àsíá wo ni yóò wà lórí pósí, ta ni yóò gbà á, ìhà wo ni yóò kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀. Bí ẹ kò bá pinnu èyí ṣáájú, síwájú gbogbo èrò ni wọn yóò ti máa jiyàn rẹ̀.

Ẹ má ṣe ìlérí tí kò ṣeé mú ṣẹ fún ìdílé nípa ògiri ìrántí. National Law Enforcement Officers Memorial tí wọ́n ṣí ní Washington ní oṣù Kẹwàá ọdún 1991 wà fún àwọn ọlọ́pàá tó kú lẹ́nu iṣẹ́, orúkọ ẹni tó fẹ̀yìn tì tó sì fi ọwọ́ rọrí kú kì í dé ibẹ̀. Commonwealth War Graves Commission náà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1917, àwọn tó kú nítorí ogun àgbáyé méjèèjì ni iṣẹ́ rẹ̀ dá lé. Èyí kò dín iyì olóògbé yín kù.

Ọjọ́ ìrántí náà ní ìyàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, Memorial Day tí wọ́n ń ṣe ní Ọjọ́ Ajé tó gbẹ̀yìn oṣù Karùn-ún wà fún àwọn tó kú lẹ́nu iṣẹ́ ológun, nígbà tí ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá jẹ́ ti gbogbo ẹni tó ti sìn, nítorí náà ọjọ́ kejì yìí ló bá olóògbé yín mu. Ní Bìrìtéènì, láti ọdún 1919 ni wọ́n ti ń dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá. Nàìjíríà gbé tirẹ̀ lọ sí ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní ọdún 1970. Ẹbí tó bá fẹ́ fi mẹ́dàlì olóògbé sáyà lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ ní Bìrìtéènì, àyà ọ̀tún ni kó fi í sí. Àyà òsì jẹ́ ti ẹni tó gbà á fúnra rẹ̀.

Ohun tí ẹ bá ti kó jọ, ẹ ya àwòrán rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ̀dà kan wà nílé ẹlòmíràn. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ìwé àtijọ́, ẹ má kó o sí òkè àjà tí ooru ti ń mú, pẹ́ńsù sì ni kí ẹ fi kọ orúkọ sí ẹ̀yìn fọ́tò. Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun jáde, ẹ fún ẹni mẹ́ta kà: sójà kan tí wọ́n jọ sìn, ọlọ́pàá kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, àti ẹni tó bá a gbé ilé. Sójà yóò tún orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun ṣe, ọlọ́pàá yóò tún ọdún àti tẹ́ṣàn ṣe, ẹni ilé yóò sì sọ fún yín ibi tí ẹni tí ẹ kọ kò ti jọ ẹni tí òun mọ̀. Ẹ kọ àtúnṣe kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣe é àti ọjọ́ tó ṣe é, kí ẹ sì fi ìwé àtúnṣe náà pa mọ́ pọ̀ mọ́ ìyókù.